Ọwọ́ Kúrò Lórí Páànù

Torí ojú ọmọ ọ̀gá mi la ṣe ta tẹ́tẹ́ ládùúgbò wa.

Ọmọ ọdún méje ni. Ọ̀gá mi ń ránṣọ ní Pápá Àjàó, èmi nìkan sì ni ọmọ iṣẹ́ tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún tó kọjá, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ẹyinjú òsì ọmọ náà, bí ìgbà tí mílíìkì bá kán sínú omi. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa mú un kúrò, ó sì dá ọjọ́ fún wa. Ó ní tí a bá ń fi òní dónìí, tí a ń fi ọ̀la dọ́la, bí wọ́n bá tiẹ̀ padà ṣe é, ojú náà lè ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀gá mi gbé wálé. Á máa gé aṣọ lọ́wọ́, á kàn dúró, á ní, "Ṣé ojú máa ń gbàgbé ni?" Màá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì kí ariwo rẹ̀ lè bo ọ̀rọ̀ náà.

Ó ti tọrọ títí. Ó ti sọ fún ìjọ rẹ̀, ó ti sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà, ó ti gbé fọ́tò ọmọ náà sórí fóònù. Àwọn èèyàn ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n owó ò pé. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ dókítà pé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò. Èmi ni mo bá a mú ọmọ náà lọ, mo sì dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ògiri.

Wọ́n bá a kẹ́dùn. Wọ́n gbàdúrà. Lẹ́yìn náà kálukú wá ń wo bàtà rẹ̀. Káfíńtà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójúde wa ló wá lanu.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa," ó wí. "Fífúnni ti sú àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò ní fún yín ní kọ́bọ̀ á fún oríire tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kan kẹ̀kẹ́ kan. Ẹ̀yin ẹ wá ẹ̀bùn. Kí wọ́n máa ra nọ́ńbà, ká máa yí i. Ẹni tó bá jẹ, kó gbé ẹ̀bùn lọ. Owó di ti ọmọ yìí."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà jẹ́ ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Yábàá. Ìyá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, kì í tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ta ayò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó gbé bírò rẹ̀ sókè.

"Tún un sọ, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ lo ní kí ẹgbẹ́ wa máa ta tẹ́tẹ́."

"Màmá, ẹ kọ 'oríire' síbẹ̀."

"Tẹ́tẹ́ ni mo máa kọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀. Àmọ́ Ìyá Tíṣà pe ọmọ náà mọ́ra, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ó ní kó ka orúkọ oṣù tó wà lára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri.

"Kàlẹ́ńdà wo, Màmá?" ni ọmọ náà bi í.

Ẹ̀rín tán. Ìyá Tíṣà mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó wo ìwé iwájú rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n òfin la máa fi ta á. Ẹni tí ò bá lè pa òfin mọ́, kó jókòó sílé ẹ̀."

Ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí jù lọ́jọ́ náà ni ẹni tó máa yí kẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn ló ní ọkọ tàbí ọmọ tàbí àbúrò tó fẹ́ ta. Ìyá Tíṣà wá rí mi níbi tí mo fara ti ògiri.

"Ìwọ. Ta lo ní ládùúgbò yìí?"

"Mi ò lẹ́nìkankan, Màmá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn èèyàn mi wà."

"Ṣé o máa ń sọ̀rọ̀ kiri?"

Mo wo ilẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe píọ́ẹ̀sì lójúde wa ní, "Màmá, ó ti dá yín lóhùn."

Ẹnì kan ní ṣebí ọmọ iṣẹ́ ìyá ọmọ náà ni mí. Ìyá Tíṣà bi í pé kí ni mo fẹ́ jèrè. Ó ní mi ò lè ta, mi ò ní ẹni tó máa bá mi ta, ẹ̀yìn ni màá sì kọ sí ibi tí wọ́n ń ta á sí, kí n má bàa mọ nọ́ńbà ẹni tí mo ń yí i fún. Ó fi ìyẹn kún òfin lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé mi ò lè ṣe é. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ kó jọ, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àga.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ọdún kejì ní girama ni mo dúró sí. Ohun tí mo sì rántí jù nípa ilé ìwé ni pé bí tíṣà bá pè mí dìde, ohùn mi á sá lọ, gbogbo kíláàsì á máa wo ẹnu mi. Iṣẹ́ tí wọ́n wá gbé fún mi yìí, ẹni tó ń yí kẹ̀kẹ́ ló gbọdọ̀ pe nọ́ńbà tó bá jáde, kí gbogbo ìta gbọ́. Mo ń fi ìyẹn dánra wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọ̀gá mi á jókòó sórí àpótí, á ní, "Àǹtí, mi ò gbọ́." Màá tún un pè. "Àǹtí, ẹ̀yin náà ò gbọ́ ara yín."

Ní ti ẹ̀bùn, àwọn èèyàn gbìyànjú. Ẹnì kan mú àpò ìrẹsì wá, ẹnì kan mú fáànù, ẹnì kan mú ìkòkò mẹ́ta tí wọ́n kó sínú ara wọn. Ọ̀gá mi mú maṣíìnì rẹ̀ kejì, èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́, èyí tí mo ń jókòó sí lójoojúmọ́. Ó ní òun ò lè ní kí ẹni ẹlẹ́ni mú nǹkan wá kí òun káwọ́ lẹ́yìn. Maṣíìnì náà ni ẹ̀bùn tó tóbi jù. Mo nù ún, mo fi epo sí i, mo bá wọn gbé e sórí tábìlì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó sí i.

Òfin Ìyá Tíṣà kún páálí ńlá kan, ó sì ní kí wọ́n kàn án mọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ pé òun ò rí i. Ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà ò gbọdọ̀ ta, ará ilé rẹ̀ ò gbọdọ̀ ta. Ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún méjìdínlógún, kó jìnnà. Nọ́ńbà kan, èèyàn kan. Ẹni tó bá ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò jẹ, kó lọ jókòó fún wákàtí kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi owó ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ta á. Káfíńtà ní èyí á dín owó kù. Ìyá Tíṣà ní kó dín in kù. Kẹ̀kẹ́ gbọdọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó tún un yí. Bó bá dúró lórí nọ́ńbà tó ṣófo, a ó tún un yí. Èyí tó fa ìlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mejì ni pé bí agogo bá ti lù, tí òun bá ti ní "Ọwọ́ kúrò," ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan páànù mọ́, ìbáà jẹ́ ọba. Bí ọwọ́ bá kàn án, ìyípo náà ti bàjẹ́.

Páànù tí mo ń wí yìí, páànù ìbolé ni. Káfíńtà lù ú pẹlẹbẹ, ó kàn án mọ́ pákó, ó kun ojú ilé mẹ́rìnlélógún sí i lára, nọ́ńbà kan nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni a fi ń ta á. A fi ọ̀dà pupa kùn wọ́n kí ẹnikẹ́ni má bàa mú tiẹ̀ wá látilé. O ra ìdérí, o gbé e sórí nọ́ńbà tó wù ọ́. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ṣe kẹ̀kẹ́ náà, ó kan pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lójú, ó kọ àwọn nọ́ńbà kan náà sí i, ó kan ìṣó yí etí rẹ̀ ká. Awọ bẹ́líìtì tó gé bí ahọ́n ló ń gbá àwọn ìṣó náà bó bá ń yí, tà-tà-tà-tà, títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n fi bẹ́ǹṣì dí ojú títì láti òwúrọ̀. Alága àwọn onílé àdúgbò wa, tó ń fi kánópì àti àga ṣe òwò, ló gbé kánópì mẹ́rin kalẹ̀ láìgba owó. Kò sí lára àwa tó ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà, nítorí náà ó lè ta. Ó ti ra ìdérí tirẹ̀ láàárọ̀, ó fi sápò, ó ní òun ń lọ sí ìsọmọlórúkọ kan ní Ṣúrùlérè, òun á padà.

Kẹ̀kẹ́ wà níwájú mi, páànù wà lẹ́yìn mi. Ìyá Tíṣà dúró lọ́wọ́ ọ̀tún mi pẹ̀lú agogo. Á lù ú, á ní, "Ọwọ́ kúrò," màá fa kẹ̀kẹ́, òun á sì máa ka iye ìgbà tó yí po. Káfíńtà ló ń ṣọ́ páànù. Obìnrin oníPíọ́ẹ̀sì ló ń ta ìdérí. Ọ̀gá mi ò gbọdọ̀ sún mọ́ wa, ó jókòó sábẹ́ kánópì tó jìnnà jù, ọmọ náà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyípo àkọ́kọ́, mo pe nọ́ńbà, ẹnì kan ní kí n má bá kẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, kí n bá àwọn sọ̀rọ̀. Ìyípo kẹrin, ohùn mi ti ń jáde. Ó yà mí lẹ́nu. Bóyá torí pé mi ò rí ojú wọn ni. Ohun tí mo ń gbọ́ nìkan ni mo mọ̀ nípa wọn: bàtà wọn, ẹ̀rín wọn, áláàtì tó ń dún lórí fóònù oníPíọ́ẹ̀sì, àti ìdérí tó ń balẹ̀ lórí páànù. Ìdérí kan ò dún bí ìdérí kejì. Ẹni tó dá lójú á jù ú, kó. Ẹni tó ń ṣiyèméjì á gbé e, á tún un gbé, kò-kó.

Ìyípo maṣíìnì ni wọ́n fi sí kí àwọn tó ń kírun tó lọ kírun ọ̀sán. Èrò ti pọ̀ nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ti jáde, wọ́n rọ́ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo mọ̀ pé owó ọmọ náà ò tí ì dé ìdajì, torí Ìyá Tíṣà ti sọ fún oníPíọ́ẹ̀sì pé ìrọ̀lẹ́ ló máa gbà wá. Bí èrò bá dúró títí ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ abẹ á ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá tú ká, ọjọ́ dókítà á kọjá.

Agogo lù. "Ọwọ́ kúrò."

Mo fa kẹ̀kẹ́.

Kò tí ì yí po ẹ̀ẹ̀kan tí mo fi gbọ́ ọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ káàbọ̀, sà." "Alága, ẹ káàbọ̀ o." "Ẹ kú ìnáwó kánópì, sà." Mo gbọ́ bí ìró ṣe ń fẹ́, bí orúnkún àwọn obìnrin ṣe ń kan ilẹ̀, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tó yí páànù ká ló ń kí i. Èmi nìkan ni mi ò kúnlẹ̀, torí òfin ní kí n kọ ẹ̀yìn. Ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ dìde." Láàárín "ẹ pẹ̀lẹ́" kan àti èkejì, mo gbọ́ kó.

Kẹ̀kẹ́ ṣì ń yí. Ìyá Tíṣà ń kà, "Ẹ̀ta, ẹ̀rin." Ahọ́n awọ náà ń gbá ìṣó, ó ń rọ̀, ó wá dúró.

"Ẹ̀tàdínlógún," ni mo pè.

Mo yíjú padà. Ìdérí pupa kan wà lórí ẹ̀tàdínlógún. Alága dúró tì í, aṣọ àtàtà lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́.

"Tèmi nìyẹn," ó wí.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà ò pẹ́. Láti ẹ̀yìn, láàárín àwọn ará Ìlúpéjú, ohùn kan ní, "Ṣebí ibẹ̀ ṣófo lẹ́ẹ̀kan?"

"Ó ṣófo. Èmi náà wò ó, mo ní ẹni kankan ò fẹ́ ẹ̀tàdínlógún."

"Màgòmágó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn."

"Onílé ń ta, onílé ń jẹ. Àwa ayálégbé, ẹ máa ṣe àmín."

Ẹ̀rín náà ò dùn ún gbọ́. Mo rí ọkùnrin kan tó lọ bá oníPíọ́ẹ̀sì, tó na ìdérí rẹ̀ sí i. "Àǹtí, ẹ gba kọ́ọ̀kì yín, ẹ dá owó mi padà." Ẹlòmíràn tò sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn. Mo wo ìsàlẹ̀ kánópì tó jìnnà. Ọ̀gá mi ti dìde dúró. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, kò sì lè wá.

"Ta ló ń ṣọ́ páànù?" ni Ìyá Tíṣà béèrè.

"Èmi ni, Màmá," káfíńtà wí. "Mo ń dọ̀bálẹ̀ ni."

"Ta ló rí i nígbà tí Alága fi ìdérí sí i?"

Kò sí. Wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ìyá Tíṣà fúnra rẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló ń kà. Ó bi àwọn ará ẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn rí i nígbà tó ṣófo, àwọn ò rí ìgbà tó kún, èjìká èèyàn ló dí àwọn lójú.

"Mo fi sí i kó tó yí," Alága wí. Kò gbé ohùn sókè. "Màmá, kí ni mo fẹ́ fi maṣíìnì ṣe? Ìyàwó àbúrò mi ni mo fẹ́ gbé e fún."

Àbúrò náà wà lẹ́yìn rẹ̀. "Bí ẹ bá ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe olè," ó ní, "kí wọ́n kó kánópì wọn máa lọ. Ẹ ẹ́ jókòó sínú oòrùn yín, ẹ ẹ́ máa ta á lọ."

Mo mọ ohun tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ òótọ́ síbí yìí: nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró, kí n tó ronú kan ojú ọmọ náà, maṣíìnì ni mo kọ́kọ́ wò. Mo ti rí i nílé ẹlòmíràn, ìyàwó àbúrò Alága jókòó sí i, kò mọ̀ pé kì í fẹ́ kí wọ́n fa òwú rẹ̀ le. Ọkàn mi ní, ọ̀rọ̀ rẹ ni, sọ ọ́, wọ́n á tún un yí, bóyá maṣíìnì náà máa pẹ́ kó tó lọ. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Mi ò mọ èwo nínú ojú ọmọ náà àti maṣíìnì ló fẹ́ la ẹnu mi. Mo wo ìlà tó wà níwájú oníPíọ́ẹ̀sì, ó ti di èèyàn mẹ́fà.

"Màmá," mo wí. "Mo gbọ́ ọ."

"O gbọ́ kí ni?"

"Ìdérí. Ó balẹ̀ lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ ti ń yí."

Gbogbo ojú yí sí mi.

Àbúrò Alága rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn ló kọ sí i. Ó fi ìpàkọ́ ríran. Màmá, ẹ bi í pé ọmọ iṣẹ́ ta ni. Ọmọ iṣẹ́ ẹni tó ni maṣíìnì ni. Wọn ò fẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí níbi tó ń dùn mí. Ìyá Tíṣà wò mí, kì í ṣe bí ẹni tó gbà mí gbọ́. Bí tíṣà ló ṣe wò mí.

"Kọjú sí kẹ̀kẹ́," ó wí. "A máa wò ó."

Ó ní kí káfíńtà kó gbogbo ìdérí kúrò, kó kọ nọ́ńbà oníkálukú sínú ìwé kí wọ́n lè dá wọn padà síbi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn obìnrin. "Ẹ kí Alága bí ẹ ṣe kí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi ṣeré. Ẹ kúnlẹ̀ dáadáa."

"Màmá, lẹ́ẹ̀kejì?" obìnrin kan wí. "Orúnkún mi."

"Kúnlẹ̀."

Ó ní kí káfíńtà di ìdérí díẹ̀ mú, ó lu agogo. Mo fa kẹ̀kẹ́. Ìkíni bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó tún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mo di ojú. Tà-tà-tà. Ẹ káàbọ̀, sà. Kó. Ẹ kú ìnáwó. Kó.

"Méjì," ni mo wí.

"Méjì ni," ohùn káfíńtà wí.

Wọ́n tún un ṣe. Mo fetí sílẹ̀ títí ìpàkọ́ fi ń dùn mí. Ìkíni nìkan ni mo gbọ́. Mo rò pé etí mi ti kú. Kẹ̀kẹ́ dúró, gbogbo wọn ń dúró dè mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá méfò, mo ti pa ọmọ náà lára.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Ìyá Tíṣà béèrè.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màmá."

Àwọn ará Ìlúpéjú hó. Kò sí ẹni tó fi nǹkan sí i. Ìyá Tíṣà ló di ọwọ́ káfíńtà mú.

Alága wá ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi náà dán an wò."

Agogo lù lẹ́ẹ̀kẹta. Mo fetí sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yí, ó rọ̀, ó dúró. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo yíjú padà, ìdérí kan wà lórí ẹ̀sán, ìka Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lára rẹ̀.

"Ó ti bọ́," àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ ti rí etí tí ẹ fẹ́ fi dá èèyàn lẹ́jọ́."

Ìyá Tíṣà ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Ìgbà náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù nínú ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ lójú èrò rí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi sọ ọ́, mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ rọra gbé èyí kalẹ̀ ni, bí ẹni ń gbé ẹyin. Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jù ú sílẹ̀ ni, ó sì dún. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ kì í jù ú, sà. Ẹ ò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ti ń yí ni. Àwa la kí yín débi tí ẹ ò fi gbọ́ agogo. Ẹ ò jí nǹkan kan."

Alága wò mí. Mo ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbá kánópì lókè wa. Ó wo páànù, ó wo àwọn obìnrin tó ṣì wà lórí orúnkún, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí bó ṣe rìn dé ibẹ̀. Ó gbé ìdérí náà.

"Agogo," ó wí. "Lóòótọ́, mi ò gbọ́ agogo kankan."

Ó fi ìdérí sọ́wọ́ Ìyá Tíṣà. "Ẹ tún un yí, Màmá. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má kí mi."

Ẹ̀rín sọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó dùn ún gbọ́. Ìyá Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó gba máákà lọ́wọ́ káfíńtà, ó lọ sí ìdí páálí òfin, ó kọ ọ́ síbẹ̀ níṣojú gbogbo wa pé: Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń yí, a kì í kí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n dá ìdérí oníkálukú padà sí nọ́ńbà rẹ̀. Ìyá Tíṣà ní Alága lẹ́tọ̀ọ́ láti ta tirẹ̀ nísinsìnyí. Ó fi sí ẹ̀tàdínlógún, ó jù ú sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Agogo lù. Mo fa kẹ̀kẹ́. Ọ̀kànlá ló jáde. Ọkùnrin kan láti Ìlúpéjú ló ni ín, tí kò mọ abẹ́rẹ́ lò rárá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó máa rán páńtà fún àwọn. Ó gbé orí maṣíìnì lé èjìká, èèyàn méjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba àárín èrò kọjá. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà mo kọjú sí kẹ̀kẹ́, torí ìlà tó wà níwájú oníPíọ́ẹ̀sì ti yí padà: wọn ò dá ìdérí padà mọ́, wọ́n ń rà á. Ó gùn dé ìdí bẹ́ǹṣì tí a fi dí títì. Àwọn kan ní àwọn ò rí tẹ́tẹ́ tó mọ́ báyìí rí.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Ìyá Tíṣà pa ìwé rẹ̀ dé, ó wo ìsàlẹ̀ kánópì tó jìnnà, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan pé owó ti pé. Ọ̀gá mi jókòó sílẹ̀ lójijì, bí ẹni tí wọ́n fa àga kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Alága ti lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kánópì rẹ̀ dúró títí dọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, bí mo bá kí i lójú ọ̀nà, kì í dá mi lóhùn. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bínú tàbí kò gbọ́. Mo ṣì ń kúnlẹ̀. Mo sì ti bi ara mi pé bó bá jẹ́ ìrẹsì ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣé mi ò ní dákẹ́?

Lọ́jọ́ tí dókítà dá, ọ̀gá mi gbé ọmọ náà lọ ní kùtù hàì. Maṣíìnì kan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sí i, mo rán ẹ̀gbẹ́ bùbá kan, mo tú u, mo tún un rán. Ó ti kọjá aago kan kí fóònù tó dún.

"Wọ́n ti gbé e jáde," ọ̀gá mi wí. "Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n dí i lójú, wọn ò ní ṣí i títí di ọ̀la. Kò jẹ́ kí n gbádùn, ó ní ebi ń pa òun, ìrẹsì tìẹ ló fẹ́ jẹ, ó ní tèmi kì í ta lẹ́nu."

Mo ní mo ń bọ̀. Mo pa maṣíìnì, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ ra ata.